Ọbẹ̀ Obìnrin Oníṣéènì ní Ẹnu Géètì Kírikírì

Òórùn tí mo fi mọ Àpápá kì í ṣe ti òkun. Àlìkámà tó rin ni. Tí wọ́n bá ń já a nínú ọkọ̀ ojú omi, díẹ̀ á dà sí títì, òjò á pa á, táyà tírélà á tẹ̀ ẹ́, kó tó di ọ̀sán yóò ti kan bí ògì tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. Epo dísẹ̀lì á tún dà lé e lórí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo rẹ̀, tí èèyàn bá fara balẹ̀, òórùn irin tó ti dípẹtà wà níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ti ṣíbí àtijọ́ bọnu. Mo ti darúgbó báyìí, mi ò débẹ̀ mọ́, síbẹ̀ tí ẹnì kan bá ṣí irin géètì wa lẹ́yìn òjò, òórùn yẹn á wọ imú mi, owú á sì ru nínú mi bí ẹni pé àná ni.

Ajégúnlẹ̀ là ń gbé nígbà náà, ní yàrá kan nínú ilé elérò púpọ̀, níbi tí Ìjọ, Ìgbò, Ìlàjẹ àti àwa ará òkè ti ń fi pijin bára wa jà, tí a sì ń fi í parí ìjà. Àpò ni mò ń rán. Mo máa ń ra àpò tó ti ya láti wáàfù, màá gbọ̀n wọ́n, màá lẹ ojú ibi tó ya, àwọn elédùú àtàwọn tó ń lọ kó gààrí á sì wá rà wọ́n lọ́wọ́ mi. Bàbá àwọn ọmọ mi ń wa tírélà fún ọ̀gá kan tó ní ọkọ̀ púpọ̀ ní Àpápá. Kọ̀ǹtẹ́nà ló ń gbé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ohun kan ṣoṣo tó lè mú un pariwo nínú ilé ni ata. Inú máa ń ta á. Tí ata bá ti pọ̀ díẹ̀ nínú ọbẹ̀, yóò ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní, "Ìyá wọn, ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Nítorí náà mo máa ń gbé ìkòkò tèmi àti tàwọn ọmọ kaná lọ́tọ̀, màá gbé ìkòkò kékeré tirẹ̀ kaná lọ́tọ̀. Mo fẹ́ràn ìkòkò kékeré yẹn. Lójú tèmi, kò sí obìnrin mìíràn láyé tó mọ bí wọ́n ṣe ń sè é.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí. Lórí tírélà tó ń gbé kọ̀ǹtẹ́nà, lọ́kì wà ní igun kọ̀ọ̀kan. Lọ́kì yẹn ló ń di ẹsẹ̀ kọ̀ǹtẹ́nà mú kó má bàa yọ̀ ṣubú. Ti ọkọ̀ tí wọ́n fún ọkọ mi ti bàjẹ́ pátá, ọ̀gá kò sì tún un ṣe. Ohun tí àwọn dírẹ́bà ń ṣe ni pé wọ́n máa lọ yá ṣéènì ńlá, wọ́n á fi de kọ̀ǹtẹ́nà mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n bá já ẹrù tán, wọ́n á dá ṣéènì padà. Fọ́máànù ọ̀gá máa ń yà sílé wa. Lọ́jọ́ kan mo ń rán àpò lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ tí ọkọ mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun tún lọ́kì ṣe. Fọ́máànù ní, "Ọ̀gá ní kò sówó lọ́kì báyìí. Ṣebí obìnrin oníṣéènì wà níbẹ̀? Máa lo tiẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ etí mi dáadáa, àmọ́ kì í ṣe lọ́kì ni mo gbọ́ níbẹ̀. Obìnrin ni mo gbọ́.

Bí mo ṣe wá ọ̀nà lọ wò ó nìyẹn. Abẹ́ páànù kan ló wà nítòsí géètì wáàfù, òun àti ṣéènì tí ọkọ rẹ̀ tó kú fi sílẹ̀ fún un. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó pupa, ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ ọkùnrin, tó bá sì ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín ló fi ń rín in. Mo dúró lódìkejì títì, mo rí i bó ṣe ń gbé ṣéènì lé ọkọ mi léjìká, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ aṣọ rẹ̀ sábẹ́ irin kí ó má bàa bó o lára. Ta ló rán an? Àwọn dírẹ́bà yòókù ń gbé tiwọn, kò bá wọn tẹ́ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí àpá ìpẹtà léjìká gbogbo síńgílẹ́ẹ̀tì tí mo bá fẹ́ fọ̀ fún un. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, kò lọ. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú níbẹ̀ bí ojú ibi tí ẹnì kan gbọ́wọ́ lé.

Mo lọ bá a níkẹyìn. Bó ṣe rí mi ló dìde, ó fi gèlè nu bẹ́ǹṣì fún mi.

"Ìyáálé mi, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó."

"Ta ni ìyáálé ẹ? Ilé ta ni mo ti ń ṣe ìyáálé ẹ?"

"Ẹ má bínú, ẹnu lásán ni. Gbogbo ìyàwó dírẹ́bà ni mò ń pè bẹ́ẹ̀."

"Kí gbogbo wọn máa jẹ́ ẹ. Èmi ò jẹ́ ẹ! Tó o bá fẹ́ ọkọ, lọ wá tìẹ!"

Àwọn dírẹ́bà ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ní, "Mama AJ don land o!" ìyẹn ni pé ìyá ará Ajégúnlẹ̀ ti dé. Obìnrin náà kàn tẹjú mọ́ ṣéènì rẹ̀. Ìyẹn tún bí mi nínú ju kí ó bú mi lọ. Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún alájọgbélé, mo sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, mo sọ ọ́ fún ẹni tó wá ra àpò. Kó tó pẹ́, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ọkọ mi ní obìnrin kan tí ilé rẹ̀ wà ní Àmùkòkò.

Ọjọ́ tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi, òwúrọ̀ ni, ó ń mu ògì, ó sì ń ráhùn. Ó ní wọ́n ti gbé kọ̀ǹtẹ́nà lé ọkọ̀ òun lórí láti àná, àwọn ará wáàfù ti lé òun jáde ní géètì, obìnrin oníṣéènì kò sì sí níbi iṣẹ́, ara ọmọ rẹ̀ kò yá. Ṣéènì wà nílé rẹ̀ ní Àmùkòkò. Ṣéènì yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn kan lè gbé rìn láti ibẹ̀ dé Àpápá, òun á rọra wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, òun á de ẹrù níwájú ilé, òun á sì gba ibẹ̀ lọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ bá mi kí ṣéènì náà. Ẹ ní ìyáálé ẹ̀ kí i."

"Ìyá wọn, iṣẹ́ ni mò ń sọ fún ẹ."

"Mo gbọ́. Iṣẹ́ yín ló máa ń rẹ́rìn-ín yẹn."

Ó gbé fìlà, ó jáde. Kò tíì wọ Àmùkòkò tán tó fi yà fún kòtò kan níbi tí títì ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀. Tírélà yí orí, kọ̀ǹtẹ́nà tí nǹkan kan kò dì mú kò bá a yí. Ó yọ̀, ó ṣubú lu ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan tó ń fá pákó lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ mọ ohun tó pa á. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, kọ̀ǹtẹ́nà wà lórí páànù àti pákó bí ilé tí wọ́n gbé jù sílẹ̀, èérún pákó ń fẹ́ lójú ọ̀nà, ó ń rùn bí ilé tuntun. Ọkọ mi ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Àwọn èèyàn ń sọ láàárín ara wọn pé, "Ilé obìnrin ẹ̀ ló ń lọ." Mo mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹ má sì jẹ́ kí n purọ́ fún yín, nínú gbogbo ẹkún yẹn, ohun tí mo ń bi ara mi ni bóyá ó ti ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, àbí kò tíì débẹ̀.

Ẹjọ́ tó yọ jáde pín sí ọ̀nà méjì, ó sì pẹ́ kó tó yé mi pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìjọba ló pe èkínní: wọ́n ní ọkọ mi wa ọkọ̀ níwàkuwà, ó sì pa èèyàn. Ìyẹn, ara rẹ̀ ló fẹ́ fi san án, nínú ẹ̀wọ̀n. Ìyàwó káfíńtà ló pe èkejì, ó pe ọkọ mi pọ̀ mọ́ ọ̀gá tó ni ọkọ̀, pé kí wọ́n wá bójú tó òun àtàwọn ọmọ tí bàbá wọn kú fi sílẹ̀. Wọ́n ti ọkọ mi mọ́ Kírikírì kí ẹjọ́ rẹ̀ tó dé, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkòkò kékeré yẹn lọ síbẹ̀.

Fọ́máànù ló kọ́kọ́ wá bá mi. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ohun tí kò ṣe rí.

"Ìyá, ohun tí ẹ ti ń sọ ní àdúgbò náà la fẹ́ kí ẹ wá sọ ní kóòtù, nínú ẹjọ́ ìyàwó káfíńtà. Pé ilé obìnrin ló ń lọ. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀."

"Kí ni ìyẹn máa ṣe fún ọkọ mi?"

"Ọ̀gá á wá lọ́yà gidi fún un. Wọ́n á bá a bẹ̀bẹ̀, kò ní í pẹ́ lọ́hùn-ún."

Mo ní màá wá. Kì í ṣe nítorí lọ́yà nìkan. Mo fẹ́ kí adájọ́ gbọ́ orúkọ obìnrin yẹn. Mo fẹ́ kí ó jókòó sáàárín kóòtù, kí gbogbo ojú máa wò ó, kí ó wá rẹ́rìn-ín eyín rẹ̀ yẹn níbẹ̀ kí n wò ó.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó káfíńtà wá. Ọmọbìnrin kékeré lásán ni, ó pọn ọmọ, ó sì jókòó sórí òkìtì àpò mi láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó. Kò sunkún. Ó ní, "Ìyá, mi ò bá ti ìjà wá o. Lọ́yà mi ló ṣàlàyé fún mi. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá ni ọkọ yín ń ṣe, ọ̀gá á bá a sanwó. Tó bá jẹ́ pé obìnrin ló yà lọ wò, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ló ń bá kiri, ọ̀gá bọ́ nìyẹn. Ó ku ọkọ yín nìkan." Ó wá wo yàrá wa yíká, ó wo bẹ́ǹṣì, ó wo aṣọ tí a fi gé yàrá, ó wo àpò tó ti ya. "Kí ni mo fẹ́ rí gbà lọ́wọ́ ọkọ yín?"

Mo fún un lómi, ó mu ún, ó lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ń ro àánú yẹn, màá rántí àtẹ́lẹwọ́ lórí èjìká, ara mi á tún gbóná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà ni ẹnu géètì Kírikírì. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbóúnjẹ lọ fún ẹni tó wà níbẹ̀ rí, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá gbé e wá ló máa tọ́ ọ wò lójú wọ́dà kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé, kí wọ́n má bàa fi nǹkan pa èèyàn wọn. Ẹnì kan ni wọ́n sì ń jẹ́ kó wọlé bá ẹlẹ́wọ̀n kan. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ ìbẹ̀wò kan, mo bá obìnrin oníṣéènì lórí ìlà, ó gbé kúlà pupa kan dání. Bó ṣe rí mi, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ máa wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé èyí dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyáálé..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà náà."

Ó yẹ kí n kọ̀. Àwọn èèyàn ń wò wá ni mo ṣe gbà á. Mo tọ́ tèmi wò lójú wọ́dà, ó mi orí. Ó ṣí kúlà pupa, ó na ṣíbí sí mi. "Madam, taste am make I see." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi mí sípò ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ orogún wò. Mo bu ún sẹ́nu.

Ata ni! Ata rodo tó múná, tí kò ní àánú nínú. Ó gba ọ̀fun mi, ó bọ́ sí mi nímú, omi ń ya lójú mi, mo ń wúkọ́, wọ́dà ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Na soup be dis abi na petrol?" Mo di irin géètì mú. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ ni nǹkan kan là sí mi lọ́kàn, tó sì tutù lára mi bí omi àmù. Obìnrin yìí kò mọ̀. Kò mọ̀ pé ọkọ mi kì í jẹ ata. Obìnrin tó ti se oúnjẹ fún bàbá àwọn ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan péré, tó ti rí bó ṣe ń ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò jẹ́ gbé irú èyí wá fún un. Ọkọ mi kò tíì jókòó jẹun nílé rẹ̀ rí. Ṣéènì ló ń lọ gbé níbẹ̀, bó ṣe wí.

Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń wọlé. Mo gbé abọ́ méjèèjì síwájú ọkọ mi, mo ní, "Èyí tèmi nìyí. Obìnrin oníṣéènì ló gbé ìyẹn wá, kí ẹ má jẹ ẹ́ o, ata ni." Ó wò ó. Ó ní, "Ó wá láti Àmùkòkò?" Ó fa kúlà sọ́dọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, omi ń jáde nímú rẹ̀, kò dúró, kò bínú, kò bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ pa òun. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀." Tèmi, ó ní òun máa jẹ ẹ́ tó bá yá. Owú tí mo ti gbé kalẹ̀ ní ẹnu géètì, mo tún gbé e, mo gbé e délé.

Ọkọ mi kò jiyàn nínú ẹjọ́ ìjọba. Ó ní òun mọ̀ pé nǹkan kan kò de ẹrù náà, òun sì wa ọkọ̀. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n. Ti ìyàwó káfíńtà wá kàn, fọ́máànù sì gbé mi lọ. Ẹnì kan ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún mi. Obìnrin oníṣéènì jókòó sẹ́yìn, ó fi ìborùn bo ẹnu.

Lọ́yà ọ̀gá bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni pé ọkọ yín máa ń lọ sílé obìnrin yìí?"

"Òótọ́ ni."

"Ọjọ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ló ń lọ."

"Ẹ ti bá a jà nítorí obìnrin náà rí?"

"Mo ti bá a jà. Màá tún bá a jà."

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Lọ́yà jókòó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lọ́yà ìyàwó káfíńtà wá dìde, ó ní, "Ìyá, kí ló ń lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Obìnrin náà ń wò mí. Tí mo bá ní mi ò mọ̀, ó parí. Gbogbo Ajégúnlẹ̀ á gbà pé òótọ́ ni mo ti ń sọ. Ìyàwó káfíńtà wà ní ìlà iwájú, ó ń fi ọwọ́ gbá ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kó má sunkún.

Mo ní, "Ṣéènì ló ń lọ gbé. Ó sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lọ́kì ọkọ̀ ti bàjẹ́. Fọ́máànù tó wà níbẹ̀ yẹn ló sọ nílé mi, létí mi, pé ọ̀gá ní kò sówó lọ́kì, kó máa lo ṣéènì obìnrin náà. Tó bá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, kó wá wo ojú mi." Fọ́máànù kò wo ojú mi. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Wọ́n pe obìnrin oníṣéènì náà, òun náà sọ tirẹ̀. Nígbà tí adájọ́ wá dá a, ó ní ọ̀gá ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún, ọ̀gá ló mọ̀ pé lọ́kì kò sí, kí ó bójú tó opó náà àtàwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n fà á pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Èmi kò rí lọ́yà gidi kankan, ọkọ mi sì ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pé.

Bí a ṣe ń jáde ní kóòtù, obìnrin náà sáré bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun." Mo ní, "Mi ò ṣe é fún ẹ." Mo ń lọ ni.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò pọ̀, èèyàn tí kò kàwé ni mí. Mo rí i pé àwọn tó mọ òfin lè mú ikú ẹnì kan ṣoṣo, kí wọ́n pín in, kí wọ́n sọ pé apá ibí yìí ti dírẹ́bà ni, kí ó fi ara san án, apá ibí yìí ti ẹni tó ni ọkọ̀ ni, kí ó fi owó san án. Ó wù mí. Mo ti gbìyànjú láti pín owú mi bẹ́ẹ̀, kí n mọ èyí tó jẹ́ ti obìnrin náà, èyí tó jẹ́ ti ọkọ mi, èyí tó jẹ́ tèmi fúnra mi. Kò pín.

Nítorí pé ọjọ́ tí ọkọ mi dé láti Kírikírì, mo gbé ìkòkò kékeré yẹn kaná, bí mo ṣe máa ń sè é. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó jẹ ẹ́. Ó wá rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà, pé, "Ìyá wọn, fi ata sí i díẹ̀."

Mi ò bi í ẹni tó kọ́ ọ ní ata jíjẹ. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oúnjẹ ẹ̀wọ̀n ló kọ́ ọ. Mo sì mọ̀ pé kúlà pupa ṣì ń lọ síbẹ̀ láwọn ọjọ́ tí èmi kò bá lè lọ. Mo dìde, mo lọ ata, mo dà á sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà títí ó fi kú, ìkòkò kan ṣoṣo ni mò ń gbé kaná nílé wa.